Owó Fàdákà tí Ó Nù nínú Ilé



A bẹ̀ yín kí ẹ ṣí Bíbélì yín sí Ìhìnrere Lúùkù, orí 15, kí ẹ sì kà á dé òpin kí ẹ tó bá wa lọ síwájú. Òwe mẹ́ta ni Olúwa wa pa níbẹ̀: òwe àgùntàn tí ó nù ní aginjù, òwe owó fàdákà tí ó nù nínú ilé, àti òwe baba tí ó ní ọmọkùnrin méjì. A ti gbọ́ ìwàásù lórí wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlòmíràn nínú wa fi rò pé kò kù mọ́ ohun tí a lè bá níbẹ̀. Ní oṣù yìí, a fẹ́ gbé òwe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ilẹ̀ Íńdíà, kí a fi wọ́n ṣe fìtílà láti wo iṣẹ́ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe níbẹ̀ láìgba owó iṣẹ́, àní iṣẹ́ kíkọ́ àwọn ọmọ tálákà ní ìwé.

Bóyá ẹnìkan yóò bi wá pé, Kí ni ó kàn wá nípa Íńdíà? A ó dá a lóhùn pé, Ẹgbẹ́ C.M.S. tí ó rán Henry Townsend wá tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta ní ọdún 1846, ẹgbẹ́ náà ni àwọn òjíṣẹ́ rẹ̀ ti ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Kottayam, ní gúúsù Íńdíà, láti ọdún 1817. Láti ọwọ́ kan náà ni ìwé ti dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa àti ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba tiwọn. Ẹni tí a bá jọ jẹun nínú àwo kan, a kì í wí pé ebi rẹ̀ kò kàn wá.

Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ sí ilé nínú ọ̀rọ̀ wa: ìfẹ́ a máa kà. Ẹni tí kò ka agbo kò lè mọ̀ pé ọ̀kan ti nù. Ẹni tí kò sì mọ̀, báwo ni yóò ti ṣe wá a lọ?

Èkínní, àgùntàn. Ẹ kíyèsí i pé 100 ni agbo olùṣọ́-àgùntàn yìí. Bí ènìyàn bá wo agbo tí ó tó bẹ́ẹ̀ láti òkèèrè, kò lè fi ojú lásán mọ̀ pé ọ̀kan kò sí níbẹ̀, nítorí 99 àti 100 jọ ara wọn lójú ẹni tí kò kà. Nítorí náà, kí ọkùnrin náà tó gbé ọ̀pá rẹ̀ kọ orí sí aginjù, ó ti kọ́kọ́ dúró ní ẹnu ọ̀nà agbo, ó sì ti kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó wà ní Íńdíà tí a kò kà mọ́ agbo fún ìgbà pípẹ́. Òmíràn jẹ́ ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ tí ń kọ́ ilé, tí àwọn òbí wọn ń ṣí láti ibi iṣẹ́ kan dé òmíràn. Òmíràn ń bá òbí ṣe iṣẹ́ ní ibi tí a ti ń sun bíríkì. Òmíràn ń ṣa páálí àti ìgò lórí ààtàn láti tà. Ní ọdún 1969, nígbà tí a ń kọ́ ilé ní Delhi fún ayẹyẹ ọgọ́rùn-ún ọdún ìbí Mahatma Gandhi, obìnrin kan tí a ń pè ní Meera Mahadevan rí àwọn ọmọ ọwọ́ tí a tẹ́ sínú eruku, bí àwọn ìyá wọn ti ń ru ẹrù lórí ibi iṣẹ́ náà. Kò kọjá lọ. Níbẹ̀ gan-an ni ó dá ibi ìtọ́jú ọmọ sílẹ̀, láti inú èyí ni ẹgbẹ́ Mobile Creches ti jáde, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tẹ̀ lé àwọn òṣìṣẹ́ dé ibi tí iṣẹ́ bá gbé wọn dé. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀: nígbà tí a bá gba ọmọ ọwọ́ kalẹ̀ ní ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ méjì ni a gbà là ní ọjọ́ kan, nítorí ẹ̀gbọ́n tí ń pọ̀n ọ́n ti ní àyè láti mú síléètì.

Ní ọdún 1989 ẹ̀wẹ̀, ọmọbìnrin kan, Shaheen Mistri, tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, tí òun fúnra rẹ̀ ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Mumbai, rí ohun méjì tí ó súnmọ́ ara wọn: àwọn ọmọ tálákà tí kò ní ibi ẹ̀kọ́ rere, àti àwọn yàrá ìkàwé tí ó ṣófo nígbà tí àwọn ọmọ olówó bá ti lọ sí ilé. Ó bẹ̀bẹ̀ fún yàrá kan, ó kó ọmọ 15 jọ, ó sì pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ láti wá kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Láti inú èyí ni Akanksha ti dìde, orúkọ tí ó túmọ̀ sí ohun tí ọkàn ń fẹ́. Ọdún mẹ́wàá ṣáájú rẹ̀, ní 1979, Rippan Kapur, òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ òfurufú, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ díẹ̀ ti jókòó yí tábìlì oúnjẹ ìyá rẹ̀ ká, wọ́n sì fi rúpì 50 bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ CRY nítorí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo àwọn wọ̀nyí, kò sí ẹni tí ó dúró di ìgbà tí òun yóò di ọlọ́rọ̀. Wọ́n rí ẹni tí ó nù, wọ́n sì dìde.

Èkejì, owó fàdákà. Níhìn-ín ni a fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ fi etí sílẹ̀ gidigidi. Àgùntàn nù ní òde, ṣùgbọ́n owó yìí kò jáde kúrò nínú ilé rí. Abẹ́ òrùlé obìnrin náà ni ó wà. Bí ẹnìkan bá bi í léèrè ibi tí owó rẹ̀ wà, ó lè dáhùn pé ó wà nínú ilé òun, òtítọ́ ni yóò sì sọ. Síbẹ̀ kò lè fi ra iyọ̀ ní ọjà. Owó tí ó wà nínú ilé tí a kò lè ná, kí ni ó fi sàn ju èyí tí kò sí lọ?

Ní ọdún 2009 ni ìjọba Íńdíà ṣe òfin pé gbogbo ọmọ láti ọdún 6 títí dé 14 ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2010. Iṣẹ́ ńlá ni èyí, a sì yin Ọlọ́run nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí òfin náà tó dé, àwọn kan ti ń béèrè ìbéèrè mìíràn. Ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Pratham, tí a dá sílẹ̀ ní Mumbai ní ọdún 1995, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ọdún 2005 tí a ń pè ní ASER. Àwọn ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ará ẹgbẹ́ àgbègbè tí ó yọ̀ǹda ara wọn ni wọ́n ń ṣe é. Wọn kò dúró lórí iye ọmọ tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ nìkan. Ojúlé dé ojúlé ni wọ́n ń lọ ní àwọn abúlé. Wọn a jókòó ti ọmọ kan ṣoṣo, wọn a sì nawọ́ ìwé kékeré kan sí i. Lórí rẹ̀ ni a kọ lẹ́tà sí, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ kéékèèké, lẹ́yìn náà gbólóhùn díẹ̀, lẹ́yìn náà ìtàn kúkúrú tí ọmọ kíláàsì kejì yẹ kí ó lè kà. Wọn a wí pé, Ọmọ mi, bá mi ka èyí.

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n rí. Ní ọdún 2022 wọ́n dé àgbègbè 616, wọ́n sì bá ọmọ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 700,000 pàdé. Nínú gbogbo 100 ọmọ ìgbèríko láti ọdún 6 sí 14, ó ju 98 lọ tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n nínú 100 ọmọ tí ó wà ní kíláàsì kẹta, bí 20 péré ni ó lè ka ìtàn tí a kọ fún kíláàsì kejì. Òtítọ́ ni pé àrùn Kòrónà ti ti ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ fún ìgbà pípẹ́. Síbẹ̀, kí àrùn náà tó dé, ní 2018, bí 27 ni wọ́n, nígbà tí ó sì di 2024, wọ́n tún ti padà dé bí 27. Èyí ni pé ẹni tí ó ju 70 lọ nínú 100 jókòó lórí àga, wọ́n dáhùn nígbà tí a pe orúkọ wọn, wọ́n bá àwọn ẹgbẹ́ wọn kọrin ẹ̀kọ́ ní ohùn kan, ṣùgbọ́n ìwé tí ó wà níwájú wọn dákẹ́ sí wọn. Inú ilé ni wọ́n ti nù.

Kí ni obìnrin inú òwe náà ṣe? Ó tan fìtílà. Ó gbá ilẹ̀. Ó sì ń wá a títí ó fi rí i. Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn kan ti ṣe ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní àgbègbè Jaunpur, ní ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh, ní nǹkan bí ọdún 2005 sí 2006, ẹgbẹ́ Pratham àti àwọn ọ̀mọ̀wé kan dán ọ̀nà mẹ́ta wò. Abhijit Banerjee àti Esther Duflo, tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel pẹ̀lú Michael Kremer ní 2019, wà lára àwọn ọ̀mọ̀wé náà. Ní àwọn abúlé kan, wọ́n pe ìpàdé, wọ́n sì sọ ẹ̀tọ́ àwọn òbí lórí ilé ẹ̀kọ́ fún wọn. Ní àwọn abúlé mìíràn, wọ́n fi kún un pé wọ́n kọ́ àwọn ará abúlé bí a ti ń dán ìwé kíkà ọmọ wò. Ọ̀nà méjèèjì yìí kò mú kí ọmọ kan mọ ìwé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àwọn abúlé ti ẹ̀kẹta, tí wọ́n jẹ́ 65, wọ́n tún kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ó bá fẹ́ ní ọ̀nà rírọrùn tí a fi ń kọ́ni ní kíkà, kí wọ́n lè máa kó àwọn ọmọ jọ lẹ́yìn àkókò ilé ẹ̀kọ́. Ní abúlé 55 ni àwọn ọ̀dọ́ ti dìde láti ṣe é láìgba owó. Àwọn ọmọ tí kò mọ lẹ́tà kan, tí wọ́n sì wá sí ibi ìkàwé náà, mọ lẹ́tà kí ọdún tó yí po; ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó mọ lẹ́tà tẹ́lẹ̀ sì dé orí ìtàn kíkà.

Ará, ẹ kò ha rí i? Ìpàdé kò tó. Ìròyìn kò tó. Inú wa a máa bàjẹ́ nígbà tí a bá gbọ́ iye ọmọ tí kò mọ ìwé, a ó mi orí, a ó sì lọ sí ilé wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá fi iṣẹ́ kan lé lọ́wọ́, tí a sì fi bí a ti ń ṣe é hàn án, òun ni ó ń dìde.

Síbẹ̀ ìtàn Jaunpur kò parí síbẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ fi èyí tí ó kù pamọ́. Nínú gbogbo 100 ọmọ tí kò mọ lẹ́tà kan ní àwọn abúlé náà, bí 13 péré ni ó wá sí ibi ìkàwé. A ti tan fìtílà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì dára, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ owó náà ṣì wà ní abẹ́ ẹní níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé. Ìdí nìyí tí Olúwa wa kò fi dákẹ́ lẹ́yìn tí Ó sọ ti fìtílà, ṣùgbọ́n tí Ó fi ti ìgbálẹ̀ kún un. Títan fìtílà dùn, nítorí àwọn ènìyàn ń rí ẹni tí ó tàn án. Ilẹ̀ gbígbá ni kíkúnlẹ̀, ni ṣíṣí ẹní àti gbígbé àpótí kúrò, ni pípadà lọ sí ilé ọmọ tí kò wá ní àná láti béèrè ohun tí ó dá a dúró. Ẹni tí ó bá fẹ́ ran ọmọ tálákà lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ mọ ìgbálẹ̀ í dì mú.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀gbọ́n tí ó dúró sí ìta. Ní òpin orí yìí, àsè ti bẹ̀rẹ̀, ìlù ń dún, ṣùgbọ́n ọmọ kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí inú ń bí, tí kò fẹ́ wọlé nítorí a ti gba àbúrò rẹ̀ padà sí ìdí tábìlì. A máa ń yára fò ó kọjá, nítorí ó jọ wá púpọ̀.

Ní ìlú Pune, ní ọdún 1848, Jyotirao Phule àti aya rẹ̀ Savitribai dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin. Kì í ṣe Kristẹni ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọkọ ti kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run láti Sìkọ́tíláǹdì, aya sì ti gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lọ́dọ̀ Cynthia Farrar, obìnrin òjíṣẹ́ Ọlọ́run láti Amẹ́ríkà, ní Ahmednagar. Ìran àwọn olùtọ́jú ọgbà ni wọ́n, ìran tí a kà sí ti ìsàlẹ̀ ní ilẹ̀ náà, níbi tí a ti ń fi ìbí ènìyàn pín ipò fún un. Nígbà tí Savitribai bá ń lọ kọ́ àwọn ọmọ, àwọn ènìyàn a máa sọ ẹrẹ̀, ìgbẹ́ màlúù àti òkúta lù ú ní ojú ọ̀nà. Kí ni ó ṣe? Ó mú aṣọ kejì dání. Bí ó bá dé ilé ẹ̀kọ́, a bọ́ èyí tí ó ti dọ̀tí, a wọ èyí tí ó mọ́, a sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n lé òun àti ọkọ rẹ̀ kúrò ní ilé baba ọkọ. Wọn kò padà lẹ́yìn iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n wọ́n tún ṣí ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ ìran tí a kò fẹ́ kí ara wọn kan ara ẹlòmíràn rárá. Ní ọdún 1897, bí ó ti ń tọ́jú àwọn tí àjàkálẹ̀ àrùn kọlù, àrùn náà mú òun pẹ̀lú, ó sì kú.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹ̀gbọ́n náà ti kú pẹ̀lú àwọn tí ó sọ ẹrẹ̀. Òfin ọdún 2009 tí a sọ lókè pàṣẹ pé kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni fi àyè 25 nínú 100 sílẹ̀ ní kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọmọ tálákà àti àwọn ọmọ ìran tí a ti tì sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ni ilé ẹ̀kọ́ kọ̀, wọ́n sì gbé ọ̀ràn náà lọ sí ilé ẹjọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2012 ni ilé ẹjọ́ tí ó ga jùlọ fi ìdí òfin náà múlẹ̀, bí ó tilẹ̀ yọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀. Òfin lè ṣí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kò lè mú kí òbí olówó yọ̀ pé ọmọ ìránṣẹ́ òun jókòó ti ọmọ òun. Ọlọ́run nìkan ni ó lè ṣe èyí nínú ọkàn, níbi tí a bá ti gbà fún Un.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a kìlọ̀ fún àwọn tí ó fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, nítorí ìrànlọ́wọ́ pàápàá ní ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Ẹni tí ó lọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ tálákà kí a lè ya àwòrán òun pẹ̀lú rẹ̀, ara rẹ̀ ni ó lọ wá, kì í ṣe ọmọ náà. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ariwo, tí ó fi orúkọ rere pe ọmọ náà, tí kò sì padà wá mọ́ lẹ́yìn oṣù kan, ó ti kọ́ ọmọ náà ní ẹ̀kọ́ kan tí kì yóò gbàgbé, èyí ni pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Ó sàn kí a ṣèlérí wákàtí kan ní ọ̀sẹ̀, kí a sì mú un ṣẹ, ju kí a ṣèlérí ọjọ́ gbogbo lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni a kò sì wí pé kí àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn gba iṣẹ́ ìjọba ṣe. Olùkọ́ tí a ń san owó fún gbọ́dọ̀ wà, ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ ní òrùlé, ìwé gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ọmọ. Ìjọba tí ó bá fi ìwọ̀nyí lé àwọn aláàánú lọ́wọ́ ti sá kúrò ní ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń kà lè mú kí ẹni tí ó ni ilé jí. Lẹ́yìn tí a ti ń ka àwọn ọmọ wọ̀nyí láti ọdún dé ọdún, ìlànà ẹ̀kọ́ tí ìjọba Íńdíà gbé jáde ní ọdún 2020 fi kíkà àti ìṣirò àwọn ọmọ kéékèèké sí ipò àkọ́kọ́, ní 2021 sì ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí a ń pè ní NIPUN Bharat nítorí ọ̀ràn yìí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ń ka ìwé yìí, ọ̀rọ̀ wa kẹ́yìn kàn yín jùlọ. Kò di ìgbà tí ẹ bá wọ ọkọ̀ lọ sí Íńdíà. Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ẹ pe àwọn ọmọ kíláàsì yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe láti jẹ wọ́n níyà, kì í ṣe lójú àwọn ẹgbẹ́ wọn tí yóò fi wọ́n rẹ́rìn-ín, kí ẹ sì ní kí olúkúlùkù ka ìtàn kúkúrú kan fún yín. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ohùn àwọn tí ó mọ̀ ọ́n bo ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ orúkọ àwọn tí kò lè kà sílẹ̀. Ẹ̀yin ará ìjọ tí ẹ kì í ṣe olùkọ́, tí ẹ mọ ìwé, ẹ lọ bá olùkọ́ náà, kí ẹ sì gba orúkọ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ rántí pé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni ọ̀pọ̀ àgbà àti ọmọdé ní ilẹ̀ wa ti kọ́ A, B, D, lọ́dọ̀ àwọn tí kò gba kọ́bọ̀ kan?

Olúwa wa kò sì fi wá sílẹ̀ láìsọ èrè iṣẹ́ náà. Nígbà tí obìnrin náà rí owó rẹ̀, kò fi í pamọ́ sí ìdí aṣọ kí ó sì dákẹ́. Ó pe àwọn ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò rẹ̀ jọ láti bá a yọ̀. Àwọn tí ó ti ṣe iṣẹ́ yìí mọ irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀: ọjọ́ tí ọmọ tí ó ti ń wo ìwé bí ẹni ń wo ògiri bá fi ìka sí abẹ́ ọ̀rọ̀ kan, tí ó sì pè é jáde, tí ó sì gbé ojú sókè láti wò bóyá òun gbà á. Olúwa wí fún wa pé ayọ̀ wà ní ọ̀run nígbà tí a bá rí ẹnìkan ṣoṣo tí ó nù. A gbàgbọ́ pé àwọn áńgẹ́lì kò kọ etí dídi sí ohùn ọmọ náà.

Kí Ọlọ́run, tí Ó mọ iye irun orí wa, kọ́ wa láti máa ka àwọn tí a gbàgbé. Kí Ó fún wa ní fìtílà, kí Ó fún wa ní ìgbálẹ̀ pẹ̀lú, kí Ó sì fún wa ní sùúrù títí a ó fi rí wọn, nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.